Ọlọ afẹ́fẹ́ Pitstone (1627): kí ló gbé e ró, ibo la sì ti ń bẹ̀rẹ̀ tí a bá fẹ́ tọ́jú irú rẹ̀?

Àbẹ̀ní_Bucks béèrè:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ wa tí a ń gbé ní agbègbè Aylesbury àti Luton, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, la máa ń rí ọlọ afẹ́fẹ́ Pitstone, èyí tó dá dúró sáàárín oko nítòsí Ivinghoe. 1627 ni ọdún tí wọ́n gbẹ́ sára igi inú rẹ̀. Ìjì bà á jẹ́ ní 1902, ẹni tó ni ín fi ohun tó kù níbẹ̀ ta National Trust, ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ilé àtijọ́, lọ́rẹ ní 1937, àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe ní 1963. Nígbà tó di 1970 ó tún lọ ọkà, lẹ́yìn ọdún 68.

Ìtàn yẹn kò ṣòro. Iṣẹ́ inú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ là mí lóye. Báwo ni odindi ilé pákó, tòun ti ọlọ òkúta inú rẹ̀, ṣe ń dúró lórí òpó kan ṣoṣo tí wọ́n sì tún lè yí i? Irú ìjì wo ló lè ba ohun tó ti rí ìjì fún nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún jẹ́? Àti pé, tí ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ tọ́jú irú ọlọ yìí, ibo ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀? Àwọn kan ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti apá rẹ̀ (apá gígùn mẹ́rin tí afẹ́fẹ́ ń yí), torí òun ni àlejò ń wá wò. Ẹlòmíì ní kí a da kọnkéré yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, kí a sì fi ọ̀dà tó dà bí rọ́bà kun pákó ara rẹ̀ kí òjò má baà wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ wa sọ́nà.

Baba_Gbẹ́nàgbẹ́nà:

Àbẹ̀ní, o ṣeun tí o béèrè kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọnkéré. Ìsàlẹ̀ ni mo máa ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀mí ọlọ náà wà.

Tí o bá wọ yàrá bíríkì roboto tó wà nísàlẹ̀, má rò pé ògiri yẹn ló gbé ilé pákó tó wà lókè. Kò gbé nǹkan kan. Ńṣe ni wọ́n kọ́ ọ kí òjò má baà máa pa igi inú rẹ̀, kí wọ́n sì rí ibi kó àpò ọkà sí. Ohun tó gbé ilé ró wà láàárín: òpó óákù kan ṣoṣo, tó sábà máa ń nípọn tó 60 sẹ̀ǹtímítà nísàlẹ̀. Lábẹ́ òpó náà, ìtì igi méjì dábùú ara wọn, ọ̀kan gun èkejì. Orí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọn jókòó lórí ìdúró bíríkì kúkúrú mẹ́rin. Nítorí pé igi kan gun èkejì, méjì nínú ìdúró náà máa ń ga ju méjì yòókù lọ. Kì í ṣe àṣìṣe bíríkìlà. Láti ìkangun àwọn ìtì igi yìí ni igi ìtìlẹ́yìn mẹ́rin ti dà gọ̀ọ́rọ̀gọ̀ọ́rọ̀ gòkè lọ gbá òpó ńlá mú.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣì í gan-an rèé: ẹsẹ̀ òpó ńlá kò gbọ́dọ̀ tẹ ìtì igi abẹ́ rẹ̀. Àlàfo díẹ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ara igi ìtìlẹ́yìn mẹ́rin ni ẹrù ilé ń gbà lọ sórí bíríkì. Wá ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kan, kí o tì í bọ àlàfo yẹn. Tí kò bá wọlé mọ́, á jẹ́ pé oríkèé igi kan ti ń jẹrà tàbí ìdúró bíríkì kan ti ń rì. Òpó ti sọ̀ kalẹ̀, ẹrù sì ti bọ́ sí àárín igi tí wọn kò ṣe láti gbé e. Díẹ̀díẹ̀ ni igi bẹ́ẹ̀ máa tẹ̀, lẹ́yìn náà á là. Tí o bá rí èyí, ẹ fi gbogbo iṣẹ́ yòókù sílẹ̀, kí ẹ wá onímọ̀ ẹ̀rọ tó mọ ilé onígi.

Lórí òpó náà, igi ńlá mìíràn dábùú. Òun ni gbogbo ilé rọ̀ mọ́: òrùlé, pákó, kẹ̀kẹ́ eléyín, àti ọlọ òkúta tí ẹyọ kan lè fẹ̀ tó mítà 1.2 kó sì wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan. Nísàlẹ̀ ilé, igi méjì há òpó mọ́ àárín kí ilé má baà máa mì síwá sẹ́yìn. Tí afẹ́fẹ́ bá yí padà, ọlọ́lọ á kọ́kọ́ gbé àtẹ̀gùn ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀, á wá ti igi gígùn tó yọ jáde lẹ́yìn ilé, tàbí kó fi ṣéènì fà á, títí apá á fi kojú sí afẹ́fẹ́.

Ọ̀rọ̀ 1627 náà: ọdún tó wà lára igi kan kò sọ pé gbogbo igi yòókù jẹ́ ti ọdún yẹn. Irú ọlọ yìí ni wọ́n fi ń tún ṣe ní ẹyọ ẹyọ, láti ìran dé ìran. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n kọ́ tipẹ́tipẹ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan wà ní Weedley, ní Yorkshire, tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1185.

Olóko_Lincoln:

Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n gba ti ìjì.

Ìjì tó ń pa irú ọlọ yìí kì í sábà jẹ́ èyí tó le jù. Èyí tó gba ẹ̀yìn wá ni. Ṣáàfù tí apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lórí rẹ̀ dà sẹ́yìn díẹ̀. Tí afẹ́fẹ́ bá gba iwájú wá, ńṣe ló ń ti ṣáàfù mọ́ bẹ́ríǹ (ibi tí ṣáàfù jókòó sí tó ti ń yí) tó wà ní ìdí rẹ̀. Orí rẹ̀ níwájú kàn jókòó sínú bẹ́ríǹ ni; ìwúwo apá ló ń dì í mú níbẹ̀. Nígbà tí ìjì bá yí lójijì tó kọlu apá láti ẹ̀yìn, ó ń fa ṣáàfù síwájú, ó sì ń ti apá síhà ibi tí wọn kò fi ohunkóhun tì í. Bíréèkì kò ràn án lọ́wọ́. Àmùrè igi tó yí kẹ̀kẹ́ ńlá ká máa ń fún mọ́ kẹ̀kẹ́ nígbà tó bá ń yí bó ṣe yẹ. Tó bá yí sẹ́yìn, títú ló ń tú. Ìdí nìyí tí ẹni tó ń tọ́jú ọlọ fi gbọ́dọ̀ gbọ́ ìròyìn ojú ọjọ́, kó sì ti yí ilé kojú sí ibi tí ìjì máa gbà wá kí ìjì tó dé.

Ewu kejì ni kí afẹ́fẹ́ iwájú le ju aṣọ tí wọ́n ta sórí apá lọ. Apá ti ayé àtijọ́, aṣọ ìgbòkun ni wọ́n ń ta sórí igi rẹ̀. Kí o tó lè ká aṣọ náà, o gbọ́dọ̀ dá apá kan dúró nísàlẹ̀, ká a, tú bíréèkì, dá èkejì dúró, bẹ́ẹ̀ títí dé ẹ̀kẹrin. Ìjì kì í dúró de èèyàn. Nítorí ìyà yìí ni Andrew Meikle fi ṣe apá onífèrèsé oní-sípíríìnì ní 1772, tí William Cubitt sì mú èyí tí wọ́n lè ṣí tàbí pa gbogbo rẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan náà jáde ní 1807, láì dá ọlọ dúró. Ti Edmund Lee ti ṣáájú wọn ní 1745: ẹ̀rọ abẹ̀bẹ̀ kékeré tó ń yí orí ọlọ kojú sí afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀.

Tí ọlọ bá ti ń sáré àsápajúdé, má fi ipá tẹ bíréèkì. Igi ló ń ha igi. Iná á sọ, ìyẹ̀fun lẹ́búlẹ́bú tó wà nínú afẹ́fẹ́ ilé á sì gbà á. Ọ̀pọ̀ ọlọ ló jóná báyìí. Ohun tó tọ́ ni kí o da ọkà sí i, kí o sún òkúta òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀ kó lè ní ẹrù tó máa fà á sẹ́yìn, kí o yí ilé kúrò lójú afẹ́fẹ́, kí o tó wá fi bíréèkì mú un díẹ̀díẹ̀. Má sì jẹ́ kí ọkà tán láàárín òkúta méjèèjì, torí òkúta tó bá ha òkúta máa ta iná. Wọ́n ń so agogo mọ́ àpótí ọkà nítorí èyí: tí ọkà bá lọ sílẹ̀, agogo á dún.

Ẹ má gbàgbé pé ìjì nìkan kọ́ ló pa ọlọ Pitstone ní 1902. Nígbà yẹn, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó wà ní èbúté ti ń fi rólà irin lọ àlìkámà tí ọkọ̀ ojú omi kó wá láti òkè òkun, ìyẹ̀fun wọn funfun, owó rẹ̀ sì wálẹ̀. Owó tí wọ́n máa ná láti tún ọlọ abúlé ṣe ju ohun tó lè pa wọlé lọ. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣe di ahoro nìyẹn, tí apá ń já, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbé e.

Àbẹ̀ní_Bucks:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Tí a bá wá dá apá dúró láàárín ọ̀sẹ̀, ṣé bó bá ṣe bá a ni a fi sílẹ̀? Àti pé ẹ kò tíì dá mi lóhùn lórí kọnkéré.

Àǹtí_Pákó_York:

Rárá sí kọnkéré, rárá sí ọ̀dà rọ́bà. Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀, kí o lè ṣàlàyé fún ẹni tó dá a lábàá láì bá a jà.

Omi ni ọ̀tá. Igi óákù tí afẹ́fẹ́ ń gba ara rẹ̀ kọjá lè lo ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún. Èyí tí omi inú rẹ̀ bá ti ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ ni olú ìjẹrà ń wọ̀, lẹ́yìn náà ni kòkòrò ajẹgi á wá, torí igi tó ti ń rọ̀ ni wọ́n fẹ́. Tí o bá da kọnkéré yí ẹsẹ̀ igi ká, o ti há omi mọ́ ibi tí kò ti ní rí ọ̀nà lọ. Ọ̀dà rọ́bà náà nìyẹn: pákó ń wú lójú òjò, ó ń sún kì lójú oòrùn, ọ̀dà á là, omi á gba ibi tó là wọlé, kò sì ní jáde mọ́. Ọ̀dà epo linseed (epo irúgbìn ọ̀gbọ̀) ni kí ẹ wá, ó ń jẹ́ kí igi mí. Fún oríkèé bíríkì, láìmù (ẹfun ìkọ́lé) ni. Sìmẹ́ńtì le ju bíríkì àtijọ́ lọ. Tí ẹ bá fi dí oríkèé, ara bíríkì ni omi á máa gbà jáde, yìnyín ìgbà òtútù á sì máa bó ojú bíríkì náà.

Bí mo bá ń yẹ ọlọ wò, ìsàlẹ̀ ni mo ti ń gòkè. Ibi tí igi kan orí bíríkì ni àkọ́kọ́, torí ibẹ̀ ni omi ń jókòó sí. Mo máa ń fi òòlù kékeré lù ú: igi tó dára á dún gán-ún, èyí tó ti kú nínú á dún bọ̀ọ̀. Lẹ́yìn náà, mo fi súkúdíráfà tó mú gún ibi tó dún bọ̀ọ̀. Tó bá wọlé láìsí ipá, wọ́n gbọ́dọ̀ gé e. Ihò tó fẹ̀ tó mìlímítà 3, tí lẹ́búlẹ́bú tuntun sì ń dà nídìí rẹ̀, kòkòrò wà láàyè nínú rẹ̀. Ẹ gbá gbogbo ìdọ̀tí, fùlùfúlù àti ìgbẹ́ ẹyẹlé kúrò lórí igi, wọ́n ń fa omi mọ́ra bíi kànrìnkàn. Ẹ má dí ihò afẹ́fẹ́ yàrá ìsàlẹ̀, kódà tí òtútù bá ń mú yín.

Pákó ara ilé: ẹ wo ìhà tí òjò ti ń wá jù. Òkè pákó kọ̀ọ̀kan bọ́ sábẹ́ ìsàlẹ̀ èyí tó wà lókè rẹ̀. Ìṣó gbọ́dọ̀ gba ara pákó kan ṣoṣo, kò gbọ́dọ̀ kan méjèèjì pọ̀. Pákó tí wọ́n bá kàn lókè nísàlẹ̀ kò ní ráyè wú, á là gbuuru. Ìṣó àti bóòtù irin lásán kì í bá óákù rẹ́, nítorí oje inú óákù ń mú irin dípẹtà, igi ibẹ̀ á sì dúdú. Irin tí kì í dípẹtà ni kí ẹ lò.

Tí ibì kan bá jẹrà, ibi tó jẹrà nìkan ni kí wọ́n gé, kí wọ́n fi óákù tuntun bá a lórí pẹ̀lú oríkèé gígùn tó dà. Mi ò fara mọ́ kí wọ́n yọ odindi igi 300 ọdún dànù nítorí pé ìdámẹ́rin rẹ̀ kú. Ojú àáké àwọn tó gbẹ́ ẹ ṣì wà lára rẹ̀. Ilé tí ìjọba ti kọ sínú ìwé ìdáàbòbò ni irú ọlọ yìí sábà máa ń jẹ́. Ẹni tó bá yí i padà lọ́nà tó kan bó ṣe rí tàbí iyì rẹ̀, láì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ti dẹ́ṣẹ̀ sófin. Ẹ wò ó bóyá àdán wà níbẹ̀ pẹ̀lú, òfin dáàbò bo àdán. Fún ìmọ̀ràn, ẹ wá SPAB, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́, tí William Morris àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 1877. Láti 1931 ni wọ́n ti ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọlọ. Mills Archive tó wà ní Reading sì ń tọ́jú àwòrán àtijọ́. Àwòrán kan lè fi ibi tí igi kan wà tẹ́lẹ̀ hàn yín.

Ní ti apá: ìtì igi méjì tí apá rọ̀ mọ́ gba inú orí irin ṣáàfù kọjá. Inú ihò irin yẹn ni omi ń dákẹ́ sí, ibẹ̀ ni igi náà ti ń jẹrà láì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, títí ọjọ́ tí apá á fi já. Ọdọọdún ni kí ẹni tó mọ̀ ọ́n gùn lọ yẹ̀ ẹ́ wò, kó sì tún ẹ̀là igi tó há a mọ́ ibẹ̀ gbá, torí ó máa ń tú lẹ́yìn oòrùn. Tí ẹ bá dá ọlọ dúró, ẹ dá a dúró kí apá dà bíi lẹ́tà X, kí orí ọ̀kan má baà ga jù nítorí mànàmáná. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ yí i kí apá tó wà lókè bọ́ sísàlẹ̀. Èyí tó bá dúró sójú kan jù ni omi ń rọ̀ sí.

Ọmọ_Ọlọ:

Mo fẹ́ fi kún un pé ọlọ tó ń ṣiṣẹ́ ló ń pẹ́. Tí ó bá ń yí, ọ̀rá ẹran tí wọ́n fi pa bẹ́ríǹ rẹ̀ kì í gbẹ, eyín igi inú kẹ̀kẹ́ kì í wú sójú kan, ẹni tó sì wà níbẹ̀ á tètè gbọ́ ariwo àjèjì. Èyí tí wọ́n tì pa, ìgbà tí nǹkan bá wó ni wọ́n tó mọ̀.

Tí ẹgbẹ́ yín bá rò ó pé kí ó lọ ọkà, ojú òkúta ni kí ẹ fọkàn sí. Òkúta ìsàlẹ̀ kì í yí, ti òkè ló ń yí. Òkúta Derbyshire wà, a sì rí ti Faransé tó wá láti La Ferté-sous-Jouarre: ìyẹn kì í ṣe òkúta kan ṣoṣo, ègé ni wọ́n lẹ̀ pọ̀, tí wọ́n fi irin dì yí ká. Òun ni wọ́n fẹ́ràn fún ìyẹ̀fun funfun torí kì í tètè dán. Ojú òkúta ní poro tí wọ́n gbẹ́ láti àárín lọ sí etí. Poro yẹn ló ń gé ọkà, tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, tó sì ń gbé ìyẹ̀fun jáde. Tí poro bá ti dán, ìyẹ̀fun á máa gbóná, á sì máa rùn bí ohun tó fẹ́ jó.

Láti gbẹ́ ẹ: fi ọwọ́ irin gbé òkúta òkè, dojú rẹ̀ sókè. Fi òdiwọ̀n igi gígùn tí wọ́n kun ní ọ̀dà pupa wọ́ kọjá lójú òkúta. Ibi tó bá pupa ló ga; ibẹ̀ ni kí o fi irin olójú méjì ṣá. Ẹni tó ń ṣe é gbọ́dọ̀ lo awò ojú àti ìbomú, torí eruku òkúta yìí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Nígbà tí o bá dá a padà, kí àárín là díẹ̀ ju etí lọ. Ní etí, kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju bébà tín-ín-rín lọ.

Àrẹ̀mú_Brixton:

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ kò ní láti lọ jìnnà kí ẹ tó rí ọ̀kan. Ọlọ Brixton, tí wọ́n kọ́ ní 1816 nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko, wà ní àdúgbò tí àwa Yorùbá náà ń gbé. Bíríkì ni wọ́n fi kọ́ ọ, nítorí náà orí rẹ̀ nìkan ló ń yí. Ó kọ́ wa ní ohun kan tí ẹ kò tíì mẹ́nu bà: ilé tí wọ́n kọ́ yí i ká dí afẹ́fẹ́ lọ́nà, ìdílé Ashby sì kó iṣẹ́ lọ sí ọlọ olómi ní Mitcham ní 1862. Ní 1902 wọ́n padà wá fi ẹ̀rọ lọ ọkà níbẹ̀ títí di 1934. Àwọn ará àdúgbò dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí rẹ̀ ní 2003, wọ́n sì tún ṣí i fún àlejò ní 2011. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún Àbẹ̀ní: ẹ ṣọ́ igi tó ń hù nítòsí Pitstone àti ilé tí wọ́n bá fẹ́ kọ́. Afẹ́fẹ́ tó ń yí kiri lẹ́yìn igi ńlá kì í ṣe pé kò lágbára nìkan, ó ń gbo apá jìgìjìgì.

Àbẹ̀ní_Bucks:

Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n dá kọnkéré dúró. Ìbéèrè kan ló kù: mítà tó ń wọn omi inú igi, ìgbà wo ló yẹ kí a lò ó?

Àǹtí_Pákó_York:

Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún: ìparí oṣù kejì, tí òjò òtútù ti wọ igi lára, àti oṣù kẹsàn-án, tí oòrùn ti gbẹ ẹ́. Ẹ fi ẹfun sàmì sójú ibi kan náà, kí ẹ má kàn máa wọ̀n ọ́n káàkiri. Ibi méjì lára igi ìtìlẹ́yìn kọ̀ọ̀kan, ìkangun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìtì ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ òpó, àti abẹ́ ṣáàfù níbi tó ti yọ jáde. Ẹ kọ nọ́ńbà, ọjọ́ àti bí ojú ọjọ́ ṣe rí sínú ìwé kan tí á máa wà nínú ọlọ. Tí ibì kan bá wà ní 16 ní ọdún yìí tó di 19 ní ọdún tó ń bọ̀, ẹ má dúró dìgbà tó bá di 20. Ẹ wá ibi tí omi ti ń wọlé lọ́jọ́ yẹn.